Ìwé Àlàyé Kóòdù: Àdéhùn Wa Kò Gbọdọ̀ Wà Nínú Orí Ẹnì Kan Ṣoṣo

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ yàrá kọ̀ǹpútà sọ ní ìpàdé ẹ̀ka

 

Akọ̀wé ní kí n fi ìṣẹ́jú 15 sọ̀rọ̀ lórí ohun èlò kan tí ó ti wọ yàrá kọ̀ǹpútà, tí àwọn kan ń bẹ̀rù, tí àwọn mìíràn sì ń yìn ju bí ó ti yẹ lọ. Ètò kan ni, tí ń kó àlàyé jọ láti inú kóòdù, tí ó sì ń sọ ọ́ di ìwé tí ènìyàn lè kà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará kọ̀ǹpútà nìkan ni. Ọ̀rọ̀ owó oṣù gbogbo wa ni. Bí ẹ bá fi etí sílẹ̀ títí dé òpin, ẹ ó rí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kóòdù jẹ́, fún ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín kò kan kọ̀ǹpútà. Kóòdù ni àṣẹ tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Láyé àtijọ́, akọ̀wé owó oṣù ní ìwé ńlá kan níwájú rẹ̀. Bí owó rẹ kò bá pé, o ó lọ bá a lójú fèrèsé, yóò ṣí ìwé, yóò fi ìka tọ́ka sí iye wákàtí rẹ, ẹ ó sì jọ ṣe ìṣirò náà. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe é. Gbogbo àdéhùn tí ẹgbẹ́ wa bá agbanisíṣẹ́ ṣe lórí ófátáìmù, lórí iṣẹ́ òru àti iṣẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹnì kan ti jókòó, ó ti sọ wọ́n di kóòdù. Nítorí náà, ẹ̀dà méjì ni àdéhùn wa ní nísinsìnyí. Ọ̀kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Akọ̀wé, a ti fọwọ́ sí i. Èkejì wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí àwọn méjèèjì kò bá bára mu, èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ni yóò san owó ní ìparí oṣù.

Mo ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ibi iṣẹ́ kan tí mo wà tẹ́lẹ̀, bàbá kan ni ó kọ ètò owó oṣù. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó fi kóòdù sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní kí ó fi àlàyé sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tún ètò náà ṣe. Ó rí ìlà kan tí ń ka wákàtí òru Sátidé mọ́ ti Sọ́ńdè ní kété tí agogo 12 òru bá ti lù. Ó wò ó títí, kò rí ìdí rẹ̀, ó rò pé àṣìṣe ni, ó sì pa á rẹ́. Oṣù 3 gbáko ni owó àwọn òṣìṣẹ́ òru fi ń dín, kí a tó mọ ibi tí ó ti ń jò. A béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, kò mọ̀. A béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, kò mọ̀. A wá ìwé, ìwé kò sí. Ìgbà tí a ránṣẹ́ sí bàbá náà ní ìlú rẹ̀ ni ó rẹ́rìn-ín, tí ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà ni ẹ bá wọn ṣe àdéhùn pé òru Sátidé tí ó bá wọ Sọ́ńdè, owó Sọ́ńdè ni?" Wọ́n san owó náà padà. Ṣùgbọ́n bí bàbá náà bá ti kú ńkọ́?

N kò dá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lẹ́bi. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àmọ́ ta ni yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó mọ̀nà ti lọ?

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wá ojútùú sí i láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1984, Donald Knuth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé kí ẹni tí ń kọ ètò máa kọ ọ́ bí ẹni tí ń ṣàlàyé fún ọmọnìkejì rẹ̀ ohun tí ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní ètò kan tí ó pè ní WEB: láti inú ìwé kan ṣoṣo, ó ń yọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, ó sì ń yọ ìwé kíkà fún ènìyàn. Ní 1996, nígbà tí ilé iṣẹ́ Sun Microsystems gbé èdè Java jáde, wọ́n fi Javadoc tì í lẹ́yìn, láti máa ṣa àlàyé tí a bá kọ sórí kóòdù. Ní 1997, Doxygen ti Dimitri van Heesch dé. Ní 2008, Georg Brandl, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé Sphinx jáde. Ìwé àlàyé èdè Python ni ó ṣe é fún níbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ń kọ́ Linux pàápàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2016. Sphinx ni ó wà ní yàrá wa. Ọ̀fẹ́ ni, nítorí náà kí ọ̀gá kankan má ṣe sọ fún wa pé owó rẹ̀ ni kò sí.

Báwo ni ó ti ń ṣiṣẹ́? Ètò kọ̀ǹpútà dà bí ilé oníyàrá púpọ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan ń ka wákàtí, ọ̀kan ń ṣírò ófátáìmù, ọ̀kan ń yọ owó orí. Nínú èdè Python, bí o bá ti kọ orúkọ yàrá kan tán, o lè kọ àlàyé rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí o fi àmì ìfàyọ mẹ́ta ṣí i, kí o sì fi mẹ́ta pa á dé. Docstring ni wọ́n ń pè é. Kọ̀ǹpútà kò ní ka ọ̀rọ̀ náà sí àṣẹ. Apá kan lára Sphinx tí ń jẹ́ autodoc ni yóò lọ láti yàrá dé yàrá, tí yóò kó gbogbo docstring jọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn ni ìwé ìtọ́sọ́nà tí a fi ọwọ́ ara wa kọ. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá lè tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà lè kọ. Bí o bá fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀, ó di àkọlé. Bí o bá fi ìràwọ̀ méjì ṣáájú ọ̀rọ̀ kan àti méjì sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò dúdú ju àwọn yòókù lọ. Fáìlì kan tí ń jẹ́ index ni yóò sọ èyí tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Nígbà tí a bá wá tẹ àṣẹ make html, Sphinx yóò rán ìwé ọwọ́ wa àti àlàyé inú kóòdù pọ̀, yóò fi àkóónú sí iwájú, yóò sì fi atọ́ka ọ̀rọ̀ àti àyè ìwárí kún un. Ìwé náà kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, a lè ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí kò so mọ́ ibikíbi. Kò sì ní da ẹ, ọ àti ṣ wa rú, nítorí náà a lè kọ ìtọ́sọ́nà ní Yorùbá fún àwọn ará wa tí wọ́n wà nídìí ẹ̀rọ.

Àǹfààní rẹ̀ nìyí: àlàyé àti kóòdù ń gbé ojú kan. Láyé ìgbà tí ìwé àlàyé wà nínú fáìlì lórí tábìlì ọ̀gá, kóòdù yóò yí padà nígbà 10, ìwé yóò ṣì wà bí ó ti wà. Ní báyìí, ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan kóòdù, àlàyé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Èyí tí ó wú mi lórí jù lọ ni doctest, tí ó ti wà nínú Python láti 2001, tí Sphinx náà sì ń lò. Ká ní àdéhùn wa wí pé ófátáìmù jẹ́ owó kan àbọ̀. A óò kọ sínú docstring pé àdéhùn wo ni, ọjọ́ wo ni a fọwọ́ sí i, àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà a óò kọ àpẹẹrẹ kan síbẹ̀, pẹ̀lú àmì ọfà mẹ́ta níwájú rẹ̀: ẹni tí owó wákàtí rẹ̀ jẹ́ ₦1,000, tí ó ṣe ófátáìmù wákàtí 4, ₦6,000 ni yóò gbà. Bí a bá tẹ àṣẹ make doctest, kọ̀ǹpútà yóò ṣe àpẹẹrẹ náà fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti yí kóòdù padà, tí owó náà fi di ₦4,000, yóò kígbe pé 6000 ni ìwé sọ, 4000 ni mo rí. Ẹ̀yin ará, ìwé tí ó lè kígbe nígbà tí wọ́n bá tẹ àdéhùn lójú, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wo ni kò ní fẹ́ irú rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Yàrá tí kò ní docstring, orúkọ rẹ̀ lásán ni yóò lè fi hàn, bí a bá tilẹ̀ ní kí ó fi í hàn. Kò mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí irọ́: bí àlàyé bá jẹ́ irọ́, tí kò sì sí àpẹẹrẹ tí a lè dán wò, yóò tẹ irọ́ náà jáde dáadáa, yóò fi àkọlé tí ó rẹwà sí i. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún autodoc. Ó ní láti gbé ètò náà wọlé kí ó tó lè kà á. Bí ètò náà bá jẹ́ irú èyí tí ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kété tí a bá gbé e wọlé, ó lè ṣe ohun tí a kò rán an. Kí a má ṣe dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tí ń san owó.

Ohun mìíràn tún wà. Ọ̀gbẹ́ni Daniele Procida pín ìwé àlàyé sí ọ̀nà 4: ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìtọ́sọ́nà fún ẹni tí ó ní iṣẹ́ kan láti ṣe, àkọsílẹ̀ ohun gbogbo tí ó wà nínú ètò, àti àlàyé ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀. Nínú 4 yìí, ẹ̀kẹta nìkan ni a lè ṣà láti inú kóòdù. Mẹ́ta tí ó kù, ọwọ́ ènìyàn ni yóò kọ wọ́n. Nítorí náà, ọ̀gá tí ó bá sọ pé níwọ̀n ìgbà tí Sphinx ti dé, kí àwọn tí ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà máa lọ sílé, kò tíì mọ ohun tí ó ní lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò lé télọ̀ lọ sílé.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí a dúró ṣinṣin. Wọ́n ti ń sọ fún àwọn ọmọ yàrá kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n máa kọ docstring "nígbà tí àyè bá yọ". Àyè kì í yọ. Ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀ ni alẹ́ òṣìṣẹ́ àti Sọ́ńdè rẹ̀. Sphinx tún ní apá kan tí ń jẹ́ coverage, tí ń tò yàrá tí kò ní àlàyé lẹ́sẹẹsẹ. Ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di pàṣán, òṣìṣẹ́ yóò kọ "èyí ń ṣírò owó" sí abẹ́ yàrá tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ṣírò-owó. Bí ẹ bá ka iye rẹ̀, ó pé. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, òfo ni.

Nítorí náà, mo gbé ohun 3 wá síwájú ìpàdé yìí, kí Akọ̀wé gbé wọn lọ bá àwọn agbanisíṣẹ́.

Èkíní, kíkọ àlàyé jẹ́ iṣẹ́. Kí wọ́n ka wákàtí rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, kí wọ́n fi sínú iye ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún ètò kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ má sì ṣe parí títí àlàyé yóò fi wà níbẹ̀.

Èkejì, gbogbo ibi tí àdéhùn wa ti di kóòdù, kí docstring dárúkọ àdéhùn náà, kí àpẹẹrẹ doctest wà níbẹ̀, kí ẹ̀ka wa sì gba ẹ̀dà ìwé náà nígbàkígbà tí wọ́n bá yí i padà. Kò yẹ kí ó jẹ́ ìwé owó oṣù ni yóò kọ́kọ́ sọ fún wa.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n má ṣe dín ẹnikẹ́ni kù lára àwọn tí ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà nítorí ohun èlò yìí. Kí wọ́n kọ́ wọn bí a ti ń lò ó, ní àkókò iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ yàrá kọ̀ǹpútà, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin náà. Àwọn kan nínú wa rò pé bí ohun tí a mọ̀ bá wà nínú orí wa nìkan, ọ̀gá kò ní lè lé wa. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí ó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àdéhùn tí ó wà ní àkọsílẹ̀. Àṣírí tí o fi pamọ́ fún ọ̀gá, o fi pamọ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ pẹ̀lú, owó ẹlẹgbẹ́ rẹ ni yóò sì kọ́kọ́ bá a lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

 Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́ sókè.