ÒKÚTA OJÚ Ọ̀RUN ÀTI ÌRÒYÌN TÍ A KÒ WÁDÌÍ

    

Ẹ ó rántí òru mọ́jú ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2020, ààwẹ̀ kù bí oṣù kan. Nǹkan bú gbàmù lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ilẹ̀ dá kòtò, ilé wó, ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì bàjẹ́. Olóògbé Rotimi Akeredolu, gómìnà Òndó nígbà náà, ní ọkọ̀ tó kó ohun abúgbàù lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní rárá, òkúta ló já bọ́ láti sánmọ̀. Kò pẹ́ tó fi dé orí fóònù wa níbí. Ẹlòmíràn tiẹ̀ ní àmì Alukiyámọ̀ ni.

Ṣé òkúta wà lójú ọ̀run? Ó wà o. Láàárín Mars, tí Lárúbáwá ń pè ní Mirrīkh, àti Jupiter, tí wọ́n ń pè ní Mushtarī, wọ́n ń yí oòrùn po bí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ fún wọn. Èyí tí wọ́n ti rí lé ní mílíọ̀nù kan. Òmíràn kò gùn ju Ìkòtún sí Ìgàndó lọ. Wọ́n a máa kọlu ara wọn, ègé wọn a sì máa já bọ́ sáyé.

Ní 1962, ní Zagami, tó wà ní ìpínlẹ̀ Katsina lónìí, òkúta já bọ́ nítòsí àgbẹ̀ kan tó ń lé ẹyẹ lóko àgbàdo. Ó wọ̀n tó kílò 18. Àyẹ̀wò ló fi hàn nígbẹ̀yìn pé láti Mars ló ti wá. Ìyẹn, ọwọ́ bà á. Ti Àkúrẹ́ ńkọ́? A ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ègé kan jáde.

Súrà Hujurāt ti pa wá láṣẹ ká wádìí ìròyìn. Ẹ wò ó: bí a bá ní sánmọ̀ ló sọ òkúta, ta ni ẹni tí ilé rẹ̀ wó fẹ́ bi léèrè? Bó bá jẹ́ ẹrù ọkọ̀ ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó ni ẹrù. Ọ̀rọ̀ àheso lè jẹ ẹ̀tọ́ yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí ààwẹ̀ yìí bá pé ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, fóònù yóò tún máa dún pé wọ́n ti rí oṣù. Ẹ bi wọ́n: ta ló rí i, níbo ló ti rí i?