Ìpara Ètè àti Oòrùn
(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Nígbà tí Akọ̀wé kéde pé orí ìpara ètè ni èmi yóò sọ̀rọ̀ lé, mo rí àwọn tí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ti omi ni a bá wá, kí ni ti ètè níbẹ̀? N kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan owó ẹgbẹ́, ó sì kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n jẹ́ àfín. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ fetí sílẹ̀ fún mi.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹgbẹ́ yìí fi owó lé mi lọ́wọ́ pé kí n ra ohun tí àwọn ọmọ àfín tí ń bẹ ní ilé ẹ̀kọ́ wa yóò máa fi pa ètè ní àkókò ọyẹ́. Fásílíìnì ni mo rà, nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n. Ètè àwọn ọmọ náà ń dán, inú wa sì dùn. Kí ọyẹ́ tó lọ tán, ètè ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ti bó, ó ti di egbò, egbò náà kò sì tètè jiná. Dókítà awọ ara tí a mú un lọ bá béèrè ohun tí ó fi ń pa á. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, “Tíṣà, èyí tí ẹ fún un kò jẹ́ kí ètè gbẹ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò lè fi oòrùn ṣe nǹkan kan.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn páálí.

Awọ ètè fẹ́lẹ́ púpọ̀. Èròjà tí ó mú awọ wa dúdú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní melanin, ni agboòrùn tí Ọlọ́run dá mọ́ wa. Èyí tí ó wà ní ètè kò pọ̀, ti àfín sì kéré jù tàbí kí ó má tilẹ̀ sí. Ètè ìsàlẹ̀ ni ó yọ síta tí ó kọjú sókè, nítorí náà òun ni oòrùn ń jó jù. Bí oòrùn bá ń jó o bẹ́ẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ó lè di àrùn jẹjẹrẹ, àrùn tí ó ti pa àfín púpọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà kí wọ́n tó dàgbà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo inú àwọn ìpara náà. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí ètè má gbẹ lọ. Fásílíìnì jẹ́ ọ̀kan. Láti inú epo rọ̀bì ni ó ti wá, ọdún 1872 sì ni Robert Chesebrough gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó ń sé omi ara mọ́ inú awọ, kò sì sí ohun tí ó ṣe iṣẹ́ yẹn jù ú lọ. Ìda oyin ni ó ń mú kí ìpara le. Òrí tiwa náà wà níbẹ̀, àti àdín àgbọn. Àwọn ìyá mi tí ń ta òrí, ẹ má ṣì mí gbọ́: òrí dára fún ọyẹ́ ju púpọ̀ nínú ohun tí ń ti òkè òkun wá lọ. Ó tilẹ̀ ní agbára díẹ̀ láti gba ìtànṣán oòrùn mú, ṣùgbọ́n agbára náà kò tó ohun tí a lè fi ọmọ àfín lé lọ́wọ́ ní ọ̀sán gangan.

Àwọn tí ń dènà oòrùn yàtọ̀. Zinc oxide ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ìyẹ̀fun funfun ni, ó sì ń dènà irú ìtànṣán méjèèjì, èyí tí ń jó awọ lójú ẹsẹ̀ àti èyí tí ń wọ inú lọ jìnnà. Titanium dioxide jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò tó o lórí irú kejì. Avobenzone lágbára lórí irú kejì yìí, síbẹ̀ oòrùn fúnra rẹ̀ a máa bà á jẹ́ bí wọn kò bá fi èròjà mìíràn dì í mú. Octinoxate kì í bá a gbé. Bí wọ́n bá pò wọ́n pọ̀, avobenzone a tètè bàjẹ́. Oxybenzone a máa yún àwọn ẹlòmíràn lára.

Ní ọdún 2019, FDA, àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, dá a lábàá pé zinc oxide àti titanium dioxide ni ẹ̀rí fi hàn pé kò léwu nínú ìpara oòrùn. Wọ́n sì béèrè ẹ̀rí sí i lórí 12 mìíràn, tí mẹ́ta tí mo dárúkọ wọ̀nyí wà nínú wọn. Wọn kò pè wọ́n ní májèlé o. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi pa ètè, a ó gbé díẹ̀ mì nínú rẹ̀, bí a fẹ́ bí a kọ̀, nítorí náà èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ jù ni mo fẹ́ fún ọmọdé.

Ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́ta kan lára páálí, SPF, pẹ̀lú iye kan. Bí iye náà bá jẹ́ 15, ìpara náà ń dá nǹkan bí 93 dúró nínú 100 ìtànṣán tí ń jó awọ. Bí ó bá jẹ́ 30, 97. Bí ó bá jẹ́ 50, 98. Níbi tí kò bá ti sí SPF, ẹ má rà á fún oòrùn. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ìpara tí ó nípọn ni wọ́n fi ṣe ìdánwò náà. Ẹni tí ó bá fi ìka kàn án lásán kò rí ohun tí páálí ṣèlérí gbà. Lẹ́yìn wákàtí méjì, àti lẹ́yìn oúnjẹ, a gbọ́dọ̀ tún un pa.

Nípa àwọn tí ń tutù lẹ́nu, èyí tí wọ́n fi menthol tàbí káńfọ̀ sí, wọ́n dùn mọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè ta ètè tí ó ti sán, ọmọ a sì máa lá a ṣáá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìpara tí ó ń pò nílé: ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn lórí awọ a máa bó ènìyàn bí iná.

Zinc oxide ní àléébù kan tí n kò ní fi pamọ́. Ó máa ń fi funfun sílẹ̀ ní ètè. Ọmọkùnrin kan sọ fún mi pé òun nù ún kúrò ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń bi í bóyá ó lá ẹ̀kọ ni. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọwọ́ wa ni èyí wà. Kí a sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí dúró lábẹ́ igi nígbà tí a bá ń tò ní àárọ̀, kí wọ́n dé fìlà ẹlẹ́tí gbòòrò, nítorí pé ìpara nìkan kò tó.

Ní Moshi, ní ilẹ̀ Tanzania, wọ́n ti ṣe ìpara oòrùn tí wọ́n ń pè ní Kilisun ní ilé ìwòsàn KCMC fún àwọn àfín, wọ́n sì pín in fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. A kò tó ilé ìwòsàn. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìpàdé yìí ni pé kí a yí owó fásílíìnì ọdún yìí padà sí ìpara ètè tí zinc oxide wà nínú rẹ̀, tí SPF rẹ̀ kò dín ní 30. Ó wọ́n jù ú lọ. Iye ọmọ tí a ó fún lè dín kù bí a kò bá fi kún owó náà. Páálí mẹ́rin tí mo kà wà lórí tábìlì Akápò. Mo ti fi yẹ́ńsù pupa fàlà sí abẹ́ orúkọ tí ó ṣe pàtàkì lára wọn, kí ẹ lè yẹ̀ wọ́n wò kí a tó dìbò.