Òdòdó Tí A Fi Owó Ẹgbẹ́ Gbìn

  

Alága ní kí àwa mẹ́fà tí a ń gbin òdòdó wá sọ ohun tí ojú wa rí. A máa sọ ọ́ bó ṣe rí, tòun ti èyí tó tì wá lójú, torí owó ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀fọ́ la ń tà tẹ́lẹ̀. A wá ń rí i bí àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí ibi ìnáwó ṣe ń wá òdòdó tútù kiri. Wọ́n sọ fún wa pé èyí tí wọ́n ń pè ní zinnia kò ṣòro gbìn. Mẹ́síkò ló ti wá, ó fẹ́ràn oòrùn, ó sì ní pupa, funfun, pínkì àti àwọ̀ ọsàn. A yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, a ṣe onídùúró fún ara wa, a ra irúgbìn.

Oṣù kẹfà la gbìn ín, láàárín òjò. A gbìn ín mọ́ra bí ẹni ń gbin tẹ̀tẹ̀. Tí òjò bá dá díẹ̀, a ó tún fi agolo tí a lu ihò sí nídìí bomi rin ín láti òkè. Lójú tiwa, a ń tọ́jú ẹ̀ ni. Kò pẹ́ tí ewé ẹ̀ ń ní àmì dúdú-dúdú, tí òmíràn sì funfun bí ìgbà tí wọ́n bu ìyẹ̀fun lé e. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú yín ti san àsansílẹ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èyí tá a rí gé kò kún garawa kan. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ẹ̀ ti tẹrí ba.

A dá owó ìyá ìyàwó padà. Owó ẹgbẹ́ ńkọ́? Ọjọ́ sísan pé, ọ̀kan nínú wa ní òun ò ní san gbèsè ohun tó ti kú. Díẹ̀ ló kù ká tú ká. Ìyá ẹgbẹ́ ló pè wá, ó bi wá léèrè ẹyọ kan: “Ṣé òdòdó ló jẹ gbèsè ni, àbí ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́?” A ò rí èsì fọ̀. Èrè orí ẹ̀fọ́ la fi san án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí a ṣe ń ṣe é báyìí, torí ẹ ń bi wá.

Ìparí oṣù kẹwàá, tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, la ń gbìn ín. Oòrùn gbọ́dọ̀ rí ibẹ̀ fún wákàtí 6, ó kéré tán. A kì í ri hóró ẹ̀ jìn rárá. Kí iyẹ̀pẹ̀ ṣáà bò ó. Láàárín ọjọ́ 4 sí 7, ó ti hù. A ó fà á kúrò títí àlàfo á fi tó ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín méjì, kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Ìdí ẹ̀ la ń da omi sí, láàárọ̀, kì í ṣe orí ewé.

Tó bá ga tó ínǹsì 8 sí 12, a ó rẹ́ ọ̀mùnú orí ẹ̀ dànù. Ó máa ń dun èèyàn, ṣùgbọ́n ìyẹn ló ń jẹ́ kó pẹ̀ka, ẹ̀ka ló sì ń mú òdòdó wá. Ní bí ọjọ́ 60 sí 70 lẹ́yìn tá a gbìn ín, a ti ń gé e, àsìkò ìnáwó oṣù kejìlá sì nìyẹn.

Ẹ má kánjú gé e o. Ẹ di igi ẹ̀ mú níwọ̀n ínǹsì 8 sísàlẹ̀ òdòdó, kẹ́ ẹ mì í jẹ́jẹ́. Tí ọrùn ẹ̀ bá ń lọ síwá sẹ́yìn, kò tíì gbó. Tó bá dúró gan-an, ẹ gé e. Èyí tá a gé ní tútù kì í là mọ́. Ohun tó ṣe wá lọ́jọ́sí nìyẹn. Kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ gé e, kẹ́ ẹ já ewé tó máa kan omi kúrò, kẹ́ ẹ kó o sínú garawa tó mọ́. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì, òtútù ń bà á jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ omi ẹ̀, ó lè lò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Kì í ṣe àwa nìkan ni omi kó bá. Ní ọdún 2015, wọ́n gbin zinnia lójú òfurufú, nínú International Space Station. Ọ̀rinrin pọ̀ jù, ewé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Scott Kelly, ará Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa fi ojú ara òun wo ìgbà tó yẹ kí òun bomi rin ín, dípò kí òun máa tẹ̀lé ìlànà. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, òdòdó yọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Òun náà lẹ fi ń mọ ìgbà tí òdòdó ń gbẹ omi.

A kì í gé gbogbo ẹ̀ tán. A ń fi díẹ̀ sílẹ̀ kó gbẹ sórí igi, a ó ya hóró ẹ̀, a ó sá a níbòòji, a ó dì í sínú pépà, kì í ṣe nínú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá kọ F1 sára páálí ẹ̀, ọmọ ẹ̀ kì í sábà jọ ìyá.

A ò tíì di olówó o. Ẹ̀fọ́ la ṣì ń fi jẹun. Ṣùgbọ́n a ò jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè kankan mọ́, àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì jọ wà. A dì hóró wá fún yín lónìí, ẹ má san kọ́bọ̀. Tó bá di àjọ̀dún tó ń bọ̀, kí kálukú dá iye tó gbà padà, ká lè fún ẹlòmíràn.

Ìyá ìyàwó ọjọ́sí wà láàárín wa níbí. Àbúrò ìyàwó náà máa ṣe tiẹ̀ nínú oṣù kejìlá, ọ̀dọ̀ wa ni mọ́mì tún wá. A ò gba àsansílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Tí òdòdó bá dé, tó sì dúró, kí wọ́n tó sanwó.

 Ẹgbẹ́ wa kò ní tú.