Ilé, Ìyàwó àti Ìwé: Ta Ló Ń Gbé Ẹrù Sẹ́mínárì?

  Ìlú tó ti pẹ́ nídìí ìwé ni Aiyétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ wa ní ilẹ̀ Okun, nítorí náà kò sẹ́ni tó nílò àlàyé pé ìwé dára. Ohun tí a kì í sábà sọ ní gbangba ni ẹni tó ń dáná nígbà tí onímọ̀ ń kàwé.

Sẹ́mínárì ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù. Ọkùnrin tó ti níyàwó, tó ti bímọ, á lọ kọ́ṣẹ́ àlùfáà. Bó bá ṣe dáadáa, ilé ẹ̀kọ́ á ní kó dúró máa kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún fi sọ pé oyè rẹ̀ kò tó, kó lọ gba òmíràn kún un. Ó ń kọ́ni lọ́sàn-án, ó ń kọ ìwé ìwádìí tirẹ̀ lóru, ìjọ sì ń retí rẹ̀ lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kó pín àkókò rẹ̀ dáadáa, bí ẹni pé àkókò rẹ̀ nìkan ló ń lọ sí i. Ìtàn àwọn sẹ́mínárì, àgàgà ti Ìjọ Lutheran, kò fara mọ́ ìmọ̀ràn yẹn. Ohun tó gbé iṣẹ́ náà dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ìyàwó àti ará ilé ń ṣe, tí ilé ẹ̀kọ́ kì í kọ sínú ìwé kankan.

Ẹ jẹ́ ká ti orísun wá. Martin Luther gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1512, ó sì ń kọ́ni ní yunifásítì ìlú Wittenberg ní Jámánì. Mọ́ńkì ni, kò láya. Ní 1522 ó kọ ìwé kan lórí ìgbéyàwó, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé bí bàbá bá ń fọ aṣọ ìdọ̀tí ọmọ rẹ̀, tí ayé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, inú Ọlọ́run ń dùn sí i. (Àpọ́n ló kọ ọ́ o. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ máa ń rọrùn lẹ́nu àpọ́n.) Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní June 13, 1525, ó gbé Katharina von Bora níyàwó. Ẹni ọdún 41 ni ọkọ, ẹni ọdún 26 ni ìyàwó. Sísítà ni Katharina náà tẹ́lẹ̀. Ní 1523 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá kúrò nílé àwọn sísítà ní Nimbschen, tí oníṣòwò kan tó máa ń kó ẹja wá fún wọn fi kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ gbé wọn jáde lóru.

Ilé ńlá tí àwọn mọ́ńkì fi sílẹ̀ ni tọkọtaya náà ń gbé. Owó oṣù Luther kò lè bọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, Luther fúnra rẹ̀ kò sì mọ owó í ṣọ́: ẹni tó bá ti tọrọ ni yóò fún. Katharina ló sọ ilé náà di ibi tí owó ń gbà wọlé. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí yàrá, wọ́n ń san owó ilé àti owó oúnjẹ. Ó ń pọn bíà. Ó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù, ó dá ọgbà ẹ̀fọ́, ó ní adágún ẹja. Nígbà tó di 1540, oko Zülsdorf, tó ti jẹ́ ti ẹbí rẹ̀ rí, bọ́ sọ́wọ́ wọn, ó sì ń lọ síbẹ̀ lọ bójú tó iṣẹ́ oko fúnra rẹ̀. Wọ́n ní aago mẹ́rin ìdájí ló máa ń jí. Ọmọ mẹ́fà ló bí. Elisabeth kú ní 1528, kò tíì pé ọdún kan. Magdalena kú ní 1542, ọmọ ọdún 13. Àwọn ọmọ ẹbí tí òbí wọn ti kú náà wà nílé yẹn, gbogbo wọn ń jẹun nídìí tábìlì kan náà.

Tábìlì yẹn gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi gègé kọ ohun tí ọ̀gá wọn bá sọ bí wọ́n ti ń jẹun lọ, tí ó wá di ìwé tí àwọn sẹ́mínárì ṣì ń kà dòní. Ṣùgbọ́n ẹran ta ni wọ́n ń jẹ? Bíà ta ni wọ́n ń mu? Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, èèyàn méjì ló ń darí kíláàsì náà, orúkọ ẹnì kan ló sì wà lára ìwé.

Ilẹ̀ Yorùbá náà rí irú rẹ̀. David Hinderer, ọmọ Württemberg ní Jámánì, inú ìjọ Lutheran ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Sẹ́mínárì Basel ló lọ kí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rán an wá. Ní 1853 òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ wọ Ìbàdàn, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì. Wọn kò bí ọmọ kankan, síbẹ̀ ọmọ kún ilé wọn fọ́fọ́. Abẹ́rẹ, ọ̀kan nínú àwọn ológun ìlú, fa ọmọkùnrin rẹ̀ kan àti Yéjídé ọmọbìnrin rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Orúkọ Yéjídé yẹn ni ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ń jẹ́ ní Ìbàdàn lónìí. Hinderer ń wàásù, ó ń túmọ̀ ìwé, ìwé John Bunyan sì wà lára èyí tó túmọ̀ sí Yorùbá. Anna ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ABD, ló ń rán aṣọ wọn, ló ń wẹ ọgbẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ibà kì í jẹ́ kí òun alára gbádùn.

Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọ̀nà tó já sí Èkó dí. Owó kò wọlé mọ́, lẹ́tà kò wọlé. Ohun tó wà nínú ilé ni wọ́n ń tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ebi má bàa pa àwọn ọmọ. Ní 1865 ni Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, tó rán Captain Maxwell láti gba inú igbó wá gbé Anna jáde. Nígbà tí tọkọtaya náà fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá ní 1869, Daniel Olúbí ni iṣẹ́ ìjọ bọ́ sí lọ́wọ́. Ọmọ ilé ni Olúbí nílé Hinderer. Ohun tó fi di àlùfáà, ilé yẹn ló ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ tó ní pátákó níwájú.

Ìjọ Lutheran tó wà ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní 1928 àwọn ará Ibesikpo, ní ilẹ̀ Ìbíbíò, dá owó jọ, wọ́n rán Jonathan Udo Ekong lọ sí Amẹ́ríkà kó lọ wá ìjọ tí yóò rán míṣọ́nnárì sí wọn. Ó kàwé ní Immanuel Lutheran College ní Greensboro, North Carolina. Ní 1936, Henry Nau, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, ti dé Nàìjíríà wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ekong kò tíì dé. 1938 ni wọ́n tó fi í jẹ àlùfáà, tó padà sílé. Ìtàn ìjọ ka ọdún mẹ́wàá yẹn sí ti Ekong nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí agbo ilé ṣe ń rìn mọ̀ pé bí ọkùnrin kan bá lo ọdún mẹ́wàá lókè òkun, àwọn kan ló ń ro oko rẹ̀, àwọn kan ló ń dá sí owó rẹ̀, ilé rẹ̀ sì ń dá ọ̀ràn gbogbo gbé. Lónìí, sẹ́mínárì Obot Idim ń jẹ́ orúkọ Ekong. Bákan náà ni ti Mbamba lẹ́bàá Yola ń jẹ́ orúkọ Niels Brønnum, dókítà ará Denmark tó dé Numan ní 1913. Margaret ìyàwó rẹ̀, dókítà bíi tirẹ̀, ti kú ní Nàìjíríà kí ọkọ tó fẹsẹ̀ tẹ Numan. Orúkọ tirẹ̀ kò sí lára pátákó.

Ẹ má wò ó pé ti àwọn Lutheran nìkan ni. Ilé ẹ̀kọ́ Ìgbájà, níbi tí ọ̀pọ̀ pásítọ̀ ìjọ ECWA ilẹ̀ Okun ti kàwé, ni Byang Kato wọ̀ ní 1955. Ó gbé Jummai níyàwó ní 1957, ó lọ London lọ kàwé, ó padà wá kọ́ni ní Ìgbájà, ó di akọ̀wé àgbà ECWA, ó tún gba Dallas lọ ní 1970 lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Gbogbo rẹ̀ kó tó pé ẹni ogójì. Ní December 19, 1975, òkun gbé e lọ ní Mombasa, níbi tóun àti ìdílé rẹ̀ ti lọ sinmi. Ẹni ọdún 39 ni. Bí wọ́n bá ń ka àwọn oyè rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń tò tẹ̀ léra. Ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti ìlú kan sí òmíràn kì í sí nínú rẹ̀.

A ò lè sọ pé àwọn sẹ́mínárì ò gbìyànjú. Sẹ́mínárì Ogbómọ̀ṣọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1898, àti ti Bukuru, tí àwọn Lutheran àríwá wà lára àwọn tó ni ín, tó ṣílẹ̀kùn ní 1959, ń kọ́ ìyàwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì kọ́ ilé tí ìdílé lè gbé. Ìgbésẹ̀ gidi nìyẹn. Àbùkù tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́, oúnjẹ sísè àti ẹ̀kọ́ Sunday school ni irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dá lé lórí látijọ́. Ọkọ ń kọ́ Gíríìkì, ìyàwó ń kọ́ bó ṣe máa ran ẹni tó mọ Gíríìkì lọ́wọ́.

Ẹ wo ilé olùkọ́ sẹ́mínárì nírọ̀lẹ́ òní. Ìwé ìdánwò kún orí tábìlì, kọ̀ǹpútà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orí kẹta ìwádìí tí ọ̀gá ní yunifásítì ń béèrè. Iná ti lọ. Ọmọ kan fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe ìṣirò. Ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù dé, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì wà nínú owó tó mú bọ̀. Àwọn ìyá wa nílẹ̀ Okun ṣe irú rẹ̀ kí ọmọ lè lọ síwèé: wọ́n hun aṣọ nídìí òfì, wọ́n tà á, wọ́n san owó ilé ìwé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gbogbo ìlú mọ ẹni tó hun ún, a sì ń fi yangàn.

Bí ìjọ wa bá ń gba ẹni tó ti ní ìdílé sí sẹ́mínárì, tàbí tó ń ní kí olùkọ́ lọ gba oyè míì, ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kó wà lórí fọ́ọ̀mù. Níbo ni ìyàwó àti ọmọ máa gbé? Iṣẹ́ wo ni ìyàwó ń ṣe, ta ló sì máa rọ́pò owó tó bá sọnù bó bá kó kúrò nídìí rẹ̀? Ṣé ó fẹ́ kàwé tirẹ̀ náà? Ìkẹrin ló le jù, Katharina ló sì fojú winá rẹ̀. Ní 1542 Luther kọ ìwé ìhágún, ó fi gbogbo ohun ìní sílẹ̀ fún un. Nígbà tí Luther kú ní 1546, òfin ilẹ̀ Saxony tí wọ́n ń gbé kò fẹ́ gba ìwé náà, àwọn kan sì ní kí Katharina kúrò nínú ilé tóun fúnra rẹ̀ sọ di ilé. Ogun àti àjàkálẹ̀ àrùn lé e kiri. Ní 1552 ló kú sí Torgau. Ìbéèrè kẹrin náà nìyí: bí olùkọ́ bá kú lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mélòó ni opó rẹ̀ ní kó tó kó kúrò ní kọ́tà, owó fẹ̀yìntì náà, orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀?