Òròmọdìẹ àti Ológbò nínú Ilé Kan

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ súnmọ́ tòsí.

Ní Mùṣin, níbi tí ìyàrá kan ti ń gba òbí, ọmọ àti ẹrù, inú ilé kan náà ni òròmọdìẹ àti ológbò ń gbé. Nígbà kan, mo ra òròmọdìẹ mẹ́wàá, mo fi aṣọ bo apẹ̀rẹ̀ wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ku mẹ́ta. Ọmọ mi fẹ́ na ológbò. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀, èmi ni mo jẹ̀bi. Òwe ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ṣùgbọ́n ológbò ilé kò ṣe é lé. Ọ̀nà ni kí a dí mọ́ ọn.

Ẹ wá àpótí pákó. Ẹ kan àwọ̀n onírin mọ́ ìdérí rẹ̀, kí ojú rẹ̀ má gba ọwọ́ ológbò, kí ẹ sì fi ìkọ́ há a.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ooru wọn kí ó tó ìwọ̀n 35 ti Celsius. Ẹ máa fi ìwọ̀n 3 dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí wọn yóò fi hu ìyẹ́. Bí wọ́n bá kó ara jọ tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Ẹ má gbé àtùpà síbi tí ológbò lè gbá a ṣubú: ilé lè jóná.

Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú àwo omi wọn, kí wọ́n má bàa rì. Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹ bá mú wọn, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́.

Àwọn mẹ́ta wọ̀nyẹn dàgbà; ológbò náà sì ń pa eku tí ì bá jẹ oúnjẹ wọn. Ó dìgbóṣe.