Típà Kì Í Ṣe Ọkọ̀ Ìkánjú



Àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ awakọ̀ típà, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Má retí kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ àgbà awakọ̀ ni wàá kọ́kọ́ jókòó sí, tí wàá máa wo ọwọ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ti tò síbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn létí ọ̀sà. Oòrùn lè kan àtàrí kó tó kàn yín. Iye ìgbà tí o bá já ẹrù lowó sábà máa ń tẹ̀ lé, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń yún awakọ̀ láti tẹná.

Ṣùgbọ́n wo ọ̀nà Ìtòíkìn, tó so Ìkòròdú mọ́ Ẹ̀pẹ́. Típà tó ru yanrìn kò lè dúró bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bó o bá ń tẹ búrékì ṣáá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò gbóná, kò ní mú mọ́. Jíà kékeré ni kó o fi sọ̀kalẹ̀. Kó o tó ṣíná, yẹ táyà wò, yẹ omi wò, fi tapólì bo yanrìn, kó má baà fọ́n sójú ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn.

Má sì kánjú torí pé o bẹ̀rù pé iṣẹ́ á tán: Èbúté Lẹ́kkí ti ń ṣiṣẹ́ láti 2023, ilé ìfọpo Dangote láti 2024. Ọkọ̀ ńlá kún agbègbè Lẹ́kkí. Iṣẹ́ wà. Ẹ̀mí ni kò ní ààrọ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀nà á là o.