Gèlè Kì Í Ṣe Ẹ̀wù: Bí Èdè Gẹ̀ẹ́sì Wa Ṣe Lè Jinlẹ̀, Kí Ìwé Kíkọ Wa sì Já Gaara

Alága, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ kó ara yín jọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ tètè sá lọ, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo ní mo gbà, àmọ́ Yorùbá ni n ó fi sọ ọ́. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ kó tó pẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá láti Lọ́ńdọ̀nù nítorí ìgbéyàwó kan nínú ẹbí wa. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ọ̀hún ni wọ́n bí i sí, ó sì ń gbìyànjú gan-an láti sọ Yorùbá. Láàárọ̀ ọjọ́ ìnáwó, ó gbé gèlè lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú màmá mi, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ gèlè mi." Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gèlè kì í ṣe ẹ̀wù. Ẹ̀wù là ń wọ̀, fìlà là ń dé, ìró là ń ró. Gèlè ńkọ́? Wíwé là ń wé e." Ọmọ náà yíjú sí mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ló dé tí ẹ fi ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún ohun kan ṣoṣo. Mo ní ìwọ lo rí i bí ohun kan ṣoṣo. 'Put on' kan náà ni ẹ̀yin fi ń wọ ẹ̀wù, tí ẹ fi ń dé fìlà, tí ẹ fi ń bọ bàtà, tí ẹ tún fi ń fín lọ́fínńdà sára. Ta ló sọ fún yín pé ìyẹn bọ́gbọ́n mu?

Ohun tí màmá mi kọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni èmi náà gbé wá síbí. Ọ̀rọ̀ kì í dá gbé. Ó ní èyí tó ń bá rìn, ó sì ní èyí tí kì í bá jókòó pọ̀. Ẹni tó bá kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mọ́ wọn, gèlè ni yóò máa wọ̀ títí ayé rẹ̀.

Èmi náà ti wọ gèlè rí. Nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta, àbúrò bàbá mi tó ń wakọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ọ̀gá òun, kí òun lè gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta lọ síbi ìsìnkú. Inú mi dùn. Mo ṣí Students' Companion, ìwé tí gbogbo wa ń há sórí láyé ìgbà yẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹja lọ́jà. Mo kọ 'magnanimity'. Mo kọ 'lugubrious'. Mo fi 'demise' rọ́pò 'death' nítorí pé 'death' ti wọ́pọ̀ jù lójú mi. Ọ̀gá náà dá lẹ́tà padà pẹ̀lú àmì ìbéèrè ńlá kan tí wọ́n fi bírò pupa kọ, wọ́n ní kí ó lọ bi ẹni tó kọ ọ́ pé kí ló fẹ́ gan-an. Mo tún un kà. Ojú ìwé kan gbáko ni mo kọ, n kò sì rántí kọ ọjọ́ tó fẹ́ lọ àti ọjọ́ tí yóò padà.

Àwa Yorùbá fẹ́ràn dídún ọ̀rọ̀, n kò sì ní bú wa nítorí ìyẹn. Adégòkè Adélabú sọ 'peculiar mess' láyé òṣèlú Ìbàdàn, àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé e gbọ́ dídún rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì. Adélabú kú ní 1958, pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì kò kú. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ọ̀rọ̀ tiwa sì ni. Àmọ́ ẹni tó ń tọrọ ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta kò nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mélòó wá ni èèyàn nílò? Ní 1953, Michael West tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ tó tó 2,000 jáde, àwọn tó wúlò jù fún ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1978, àwọn Longman ṣe ìwé atúmọ̀ èdè kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù tó wà nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ẹni tí 2,000 bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó mọ̀ wọ́n tinú-tẹ̀yìn, kò sí ohun tí kò lè ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń wá sí ọ́fíìsì mi ni kò tíì mọ 2,000 yẹn dé ìdí, síbẹ̀ 'lugubrious' ni wọ́n ń wá kiri.

Kí ni mo pè ní tinú-tẹ̀yìn? Ẹ jẹ́ ká fi tiwa wò ó. Ẹ wo 'pa'. À ń pa ẹran, à ń paná, à ń parọ́, à ń pòwe, à ń pàlọ́, òjò sì ń pa wá. Bí Òyìnbó kan bá há a sórí pé 'pa' ni 'kill', ó mọ̀ ọ́n, kò sì mọ̀ ọ́n. Tó bá gbọ́ pé bàbá kan pòwe, á bi yín pé kí lòwe ṣe fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwa náà ṣe ń rí lójú tiwọn nígbà tí a bá kọ ọ́ pé 'rain beat me', pé 'I hear the smell'. Kò sí èyí tó burú nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà, ẹgbẹ́ tí a kó wọn sí ni kò gbà wọ́n. Ẹ tún wo 'discuss about', tí n kò mọye ìgbà tí mo ti fi bírò pupa fà á láàárín. Yorùbá máa ń sọ̀rọ̀ NÍPA nǹkan ni, a kì í sọ̀rọ̀ nǹkan lásán. A wá gbé 'nípa' yẹn lé èjìká 'discuss', ẹni tí ó ti ru ẹrù tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ra ìwé kékeré kan, kí wọ́n má sì kọ ọ̀rọ̀ kan àti ìtumọ̀ kan sínú rẹ̀. Ojú ìwé kan fún ọ̀rọ̀ kan. Mo mú ọ̀kan dání, ti ọmọbìnrin kan ni, ó fún mi láyè kí n fi hàn yín. Sókè pátápátá, ó kọ 'raise'. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló to àwọn wọ̀nyí sí: 'raise your hand', nawọ́ sókè, 'raise a child', tọ́ ọmọ, 'raise chickens', sin adìyẹ, 'raise money', kó owó jọ, 'raise the rent', fi owó kún owó ilé, 'raise the alarm', figbe ta. Yorùbá mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì kan. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ gbólóhùn tirẹ̀, èyí tó ṣẹlẹ̀ sí i lóòótọ́: 'Our landlord raised the rent in January and my mother raised her voice.' Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ọmọ yìí kò ní gbàgbé 'raise' mọ́.

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Nígbà tí Ajayi Crowther tún ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ tẹ̀ ní 1852, òwe pọ̀ nínú rẹ̀ lábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀, kí ẹni tó ń kà á lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé. Ìwé tí gbogbo ilé ní níbí, èyí tí a ń pè ní Advanced Learner's, irú èrò bẹ́ẹ̀ ló bí i. A. S. Hornby ń kọ́ àwọn ará Jàpáànù ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ṣe é. Tokyo ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 1942, kí Oxford tó gbà á ní 1948. Nítorí àlejò bíi tiwa ni wọ́n ṣe ṣe é. Àmọ́ báwo la ṣe ń lò ó? A ṣí i, a wo ìtumọ̀, a pa á dé. A kì í wo lẹ́tà C àti U tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà. C ni ohun tí èèyàn lè kà ní ení, èjì. U ni èyí tí kò ṣeé kà. Ẹni tó bá wo U kékeré yẹn kò ní kọ 'furnitures' mọ́, kò ní kọ 'informations', kò ní kọ 'advices'. Ìmọ̀ràn mẹ́ta ṣeé ṣe nílé wa. Kò ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wọn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí nípa Gẹ̀ẹ́sì tiwa tí Oxford English Dictionary gbà wọlé ní oṣù kìíní 2020, 'okada', 'danfo', 'buka', 'next tomorrow'. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n 'furnitures' kò bá wọn wọlé.

Ní ti pé kí ọ̀rọ̀ má sá lọ lórí, ẹ bi ọmọ ilé kéwú, ẹ bi ọmọ awo. Wọn kì í fi òru ọjọ́ kan kọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n fi oṣù kan kọ́. Wọ́n á kà á lónìí, wọ́n á kà á lọ́la, wọ́n á tún padà sórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, wọn ìgbàgbé ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1885. Ní 1972, Sebastian Leitner wá fi àpótí alápá márùn-ún ṣe é: ọ̀rọ̀ tí o bá mọ̀ á bọ́ sí apá kejì, wàá sì pẹ́ díẹ̀ kí o tó tún un wò, èyí tí o bá gbàgbé á padà sí apá àkọ́kọ́. Páálí bàtà tó.

Ẹnì kan tún máa ń rán mi létí Malcolm X, tó da ìwé atúmọ̀ èdè kọ pátápátá nígbà tó wà lẹ́wọ̀n ní Massachusetts. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ da ìwé atúmọ̀ èdè kọ. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé ó ní lẹ́tà tó ń jó o lọ́kàn láti kọ sí Elijah Muhammad, aṣáájú ẹ̀sìn rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kò sì tó o kọ. Ó ń fi ọwọ́ kọ ọ́, ó ń ka ohun tó kọ sókè, ó sì ń kàwé lóru. Ẹni tí kò ní lẹ́tà kankan láti kọ, kí ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣe?

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní fún yín. Ẹ dẹ́kun gbígba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nílé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi tíṣà tó mọṣẹ́ kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nítorí ìyẹn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n ti kó sínú Gẹ̀ẹ́sì láti ìdajì ọ̀nà. Ọmọ tí kò mọ̀ pé wíwé là ń wé gèlè, kí ló máa jẹ́ kó fura pé Gẹ̀ẹ́sì náà ní ibi tí ó ti ń wé?

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí ná. Ọdún 1952 ni Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola jáde. Ọdún náà gan-an ni wọ́n dá WAEC, àjọ ìdánwò, sílẹ̀. Tutuola tẹ Gẹ̀ẹ́sì títí ó fi sọ Yorùbá, àwọn Òyìnbó pàtẹ́wọ́, ojú sì ti àwọn ọ̀mọ̀wé kan níbí. Ẹ̀yìn Tutuola ni mo wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, Faber kọ́ ló máa máàkì ìwé yín, WAEC ni.

Ó ku ìwé kíkọ. Ọ̀nà tí mo mọ̀ tó dára jù, ọ̀dọ̀ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ló ti wá. Benjamin Franklin fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ó sì ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Boston. Bàbá rẹ̀ ka ohun tó kọ, wọ́n sì fi hàn án pé kò já gaara. Franklin ra ìdì kan nínú ìwé àtìgbàdégbà The Spectator. Ó ń ka àròkọ kan, ó ń kọ ọ̀rọ̀ perete sílẹ̀ fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, yóò sì pa ìwé náà dé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, yóò fi ọ̀rọ̀ perete yẹn tún àròkọ náà kọ, yóò wá gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oníǹkan. Níbi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà. Alẹ́ ló ń ṣe é, lẹ́yìn iṣẹ́, tàbí láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí lọ́jọ́ Sunday.

Mo fi nǹkan díẹ̀ kún un fún àwa: Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ̀rọ̀ perete náà. Lọ́nà yẹn, ohun tí oníwé ní lọ́kàn nìkan lẹ ó gbé lọ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á dúró sẹ́yìn, tiyín lẹ ó sì wá. Ọmọkùnrin kan kọ 'they will remove the back of the cassava' lọ́dọ̀ mi. 'Peel' ló wà nínú ìwé. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti mọ 'peel', ó mọ̀ ọ́n lójú ni, kò mọ ọ̀nà ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó rí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó kanra, ó ní, "Prófẹ́sọ̀, mo mọ̀ ọ́n ke!" Láti ọjọ́ náà, 'peel' kò tún fi í sílẹ̀.

Ìwé pelebe kan wà lórí àga kálukú. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, lórí bí a ṣe ń ṣe gàrí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan gàrí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: hó, fọ̀, rin, fún, sẹ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé yan. Tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ da ìwé náà dojú bolẹ̀. Franklin fi ọjọ́ mélòó kan sí i láàárín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo ní láti fún yín. Alága, ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mú bírò.